Oyin Lẹ́nu Ọmọ Olóbì

Èmi ò sọ ọmọ ẹnikẹ́ni lórúkọ rí láyé mi. Àwọn tí mo bí pàápàá, bàbá wọn àti àwọn àna mi ló sọ wọ́n lórúkọ. Tèmi ni kí n gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ kí n sì máa rẹ́rìn-ín sí àlejò. Síbẹ̀, ní ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níwèé ní Agége, bàbá kan fẹ̀sùn kàn mí níwájú gbogbo kíláàsì mi pé mo sọ ọmọ òun lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà pátápátá.

Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ bí ìwé ọ̀fẹ́ ṣe dé bá wa. Àwọn ọmọ ya lu ilé ìwé bí eṣú. Ilé ìwé ìjọ wa kò lè gba gbogbo wọn, ni wọ́n bá pa àtíbàbà ewé ọ̀pẹ kan sẹ́yìn ilé fún kíláàsì kìn-ín-ní, wọ́n ní ibẹ̀ ni tèmi. Tíṣà náà ò kárí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, tí mi ò tíì rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí, ni wọ́n kó ọmọ rẹpẹtẹ lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó ilé ìwé ni pé kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó wọlé nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹun sí i. Mo rí ìyá kan tó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú tó ń fà á bí ẹni fa rọ́bà, ọmọ ń ké, ìyá ń ní, "Ó ti kàn án, Tíṣà, ẹ wò ó dáadáa!"

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ nípa rẹ̀ yìí kan etí tirẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì tún fẹ́ fi ọwọ́ òsì kan tọ̀tún kí a lè mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Mùsùlùmí gidi, tó máa ń ra obì gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Agége, tó ń fi ewé tútù dì í sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá ńlá, tó sì ń fi ọkọ̀ ojú irin rán an lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Olóbì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Agboolé wọn kún fún ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n mú wá sílé ìwé. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un wá, ó sọ fún ọ̀gá ilé ìwé wa láìfi bò pé òun ń fi ọ̀kan dán wa wò ni. Bó bá dára, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Bí kò bá dára, ọmọ ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àbúrò òun obìnrin, yóò máa bá a kiri ọjà, ọ̀rọ̀ ìwé sì tán nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò ní purọ́. Tíṣà tó bá ní gbogbo ọmọ lòun fẹ́ràn bákan náà, ẹ tún bi í dáadáa. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í béèrè. "Mísì, ta ló ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú?" "Mísì, ṣé ewúrẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín?" Láàárọ̀, ó lè gbóòórùn ẹnu ẹni tó jókòó tì í kó sì sọ ohun tí onítọ̀hún jẹ kó tó kúrò nílé. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó tú àṣírí ọmọ tó jí ẹja inú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa ní kí n kọ́ wọn nípa àwọn ẹ̀yà ara márùn-ún tí Ọlọ́run fún wa láti fi mọ ohun tó yí wa ká: ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi ṣe é. Kò fún mi ní nǹkan mìíràn. Mo rò ó pé bí mo bá kàn dúró níwájú wọn tí mò ń sọ pé ojú la fi ń ríran, wọ́n á ké e tẹ̀ lé mi, wọ́n á sì ti gbàgbé kí wọ́n tó délé. Ni mo bá gé páálí, mo fi èédú ya ojú sí ọ̀kan, mo ya etí sí òmíràn, títí márààrún fi pé. Mo so okùn mọ́ wọn, mo fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ márùn-ún lọ́rùn. Mo ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni Ojú kíláàsì wa. Ìwọ ni Etí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi àwọn yòókù náà jẹ. Ọmọ Olóbì ni mo fi jẹ Ahọ́n. Ó bínú díẹ̀, torí Imú ló ń fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ náà dùn. Lọ́jọ́ etí, gbogbo wa pa ojú dé, a ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè kó tó wọ Agége, ọkọ̀ òfuurufú tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Ìkẹjà, obìnrin oníbúrẹ́dì tó ń polówó lójú títì. Lọ́jọ́ imú, mo dá ihò sí ìdérí agolo, mo fi kẹrosíìnì sínú ọ̀kan, mo fi irú, ẹja gbígbẹ àti ewé efinrin sínú àwọn yòókù. Ọmọ kan gbóòórùn irú, ó ní, "Ilé wa!" A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá. Lọ́jọ́ awọ ara, mo kó òwú, iyanrìn, kànrìnkàn àti ìkarahun ìgbín sínú àpò, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ejò ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ahọ́n ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà ni, a ti kó ọmọ jáde, oyin, orógbó àti iyọ̀ tó ṣẹ́kù sì wà nínú ilé. Ta ni yóò fi èyí tó wà nílé sílẹ̀ tí yóò lọ ra òmíràn? Mo bu oyin sínú ìgò kékeré, mo fọ́ orógbó wẹ́wẹ́, mo di iyọ̀ sínú bébà, mo já ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé wa. Èyí tó dùn, èyí tó korò, èyí tó níyọ̀, èyí tó kan. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ti pé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tí wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ ni mo gbé wá sí kíláàsì.

Mo ní kí wọ́n tò sórí ìlà. Mo ń fi ìborùn mi di ọmọ kọ̀ọ̀kan lójú, mo ń ní kó yọ ahọ́n, mo ń fi nǹkan kàn án, mo sì ń bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Ahọ́n ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ipò rẹ̀ ni. Ó mọ iyọ̀. Ó tutọ́ orógbó dànù kó tó dárúkọ rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ mú kó fún ojú pọ̀ bí arúgbó. Nígbà tó kan oyin, ó pa ẹnu dé, ó dákẹ́. Mo bi í, kò dáhùn. Mo tún bi í. Ó ń mi orí lábẹ́ ìborùn, ó ń há oyin mọ́ ẹnu kó má bàa tètè tán. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, àyè rẹ̀ ṣófo. Mo rò pé ibà ni. A ń ka ABD lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ọkùnrin mẹ́ta tó ń bọ̀ wá sí àtíbàbà wa. Ẹni tó wà níwájú ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìdúró gbé e ti nǹkankan. Olóbì ni. Páálí tí mo ya ahọ́n sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Mísì tó sọ ọmọ mi lórúkọ?"

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò wá kí ẹ. Ọmọ mi délé lánàá, ó ní Mísì kó àwọn jáde bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ tuntun jáde. Ó ní o di òun lójú, o fi oyin, iyọ̀ àti orógbó sí òun lẹ́nu, o sì ń bi òun ní orúkọ. Mo ní orúkọ wo? Ó ní òun ni Ahọ́n." Ó ju páálí náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. "Kí ni wọ́n ń pè ní Ahọ́n? Ṣé inú Bíbélì yín náà nìyẹn wà?"

Ó yẹ kí n fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélé nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú mi níwájú àwọn ọmọ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀kọ́ la ń kọ́ níbí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ẹ mú síléètì kí ẹ wá jókòó sáàárín wọn." Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e gbé ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀gá wa, ọkùnrin sísanra tí kì í fẹ́ wàhálà, ti ń sáré bọ̀ láti ọ́fíìsì, ó ń pariwo, "Sílẹ́ǹsì! Sílẹ́ǹsì!"

Olóbì kò dúró gbọ́ àlàyé kankan. Ó ní ọmọ òun kò wá mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ tó ń lọ sókè yóò gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Jímọ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà ti gba àdúgbò kan. Wọ́n ní tíṣà obìnrin kan wà tó ń fi oyin ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Mùsùlùmí. Kí a tó jáde ilé ìwé, àwọn òbí mìíràn ti wá fa ọmọ wọn lọ́wọ́ lọ, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀.

Kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rù wọn ní ìdí. Láyé ìgbà náà, ọmọ tí ààfáà sọ lórúkọ lè wọ ilé ìwé ìjọ láàárọ̀ kó sì jáde lọ́sàn-án pẹ̀lú orúkọ Bíbélì, torí pé tíṣà kan kò lè pe tilé, tàbí torí pé kò fẹ́ pè é. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi kì í ṣe irú tíṣà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìyẹn nílé Olóbì?

Ọ̀gá ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Ó wò mí. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ẹjọ́ lo fẹ́ jàre ni àbí ọmọ yẹn lo fẹ́ gbà padà? Yan ọ̀kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ ra búrẹ́dì, mo sì pàdé ọmọ kan nínú kíláàsì mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọmọ tó máa ń sáré wá dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni. Bó ṣe rí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí n fi nǹkan sí i lẹ́nu mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ funfun, mo bá ìyá mi lọ sí ilé àdúrà bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n wàásù rẹ̀. Ọmọ Olóbì ni mò ń rí, ó gbé igbá ata sórí, ó ń kiri, ó ń bi àwọn oníbàárà ní ìbéèrè tí kò sẹ́ni tí yóò dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo lọ sílé ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó ti tó ìgbà tí wọ́n kírun Alásàrì tán kí a tó dé agboolé wọn. Òórùn obì tútù àti ewé ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n ń ṣà á, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ́tọ̀, èyí tó dára lọ́tọ̀. Ìyá ọmọ náà wà láàárín wọn. Ó kí wa, kò gbé ojú sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí ẹrù kékeré kan tí wọ́n ti fi aṣọ dì. Mi ò béèrè ẹni tó ni ín.

Ààfáà àdúgbò, bàbá arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, jókòó lórí awọ àgbò. Olóbì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé sì dúró yí wọn ká. Wọ́n fún ọ̀gá ní àga. Èmi kúnlẹ̀ kí wọn, kò sẹ́ni tó ní kí n dìde, ni mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe ọmọ náà jáde láti inú ilé. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ sáré wá, ojú bàbá rẹ̀ ló dá a dúró.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi," Ààfáà wí fún un. "Òtítọ́ ni kí o sọ. Kí ni Mísì sọ ọ́?"

"Ahọ́n."

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ó dì ọ́ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Pẹ̀lú ìborùn Mísì."

"Kí ló fi sí ọ lẹ́nu?"

"Iyọ̀. Orógbó. Ọsàn wẹ́wẹ́. Oyin." Ó ronú díẹ̀. "Oyin ló dára jù."

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó ń sọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rì mí mọ́lẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ pé ohun tí ahọ́n bá tọ́ wò ni kó sọ, kì í ṣe ohun tó bá rò pé mo fẹ́ gbọ́.

Mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé ojú, mo ṣàlàyé etí, mo ṣàlàyé agolo irú àti àpò tí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀. Mo ní Ahọ́n kì í ṣe orúkọ, iṣẹ́ ni, bí ìgbà tí Bàbá bá fi ẹnìkan ṣe olórí àwọn tó ń di obì. Mo ní, "Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọmọ yín lórúkọ, ṣé Ahọ́n ni n óò wá sọ ọ́?" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wí fún bàbá mi," Olóbì wí. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n mú nínú gbogbo wa, torí òun lorí ẹ̀ pé jù. Ilé ìwé gba orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn. A tiẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, a ní orúkọ ìwé ni, kò ṣe nǹkankan. Ọjọ́ tí bàbá wa kú, ó wá láti Èkó. Ó dúró lókèèrè, ó mú fìlà lọ́wọ́, kò bá wa kírun sí bàbá tó bí i lára. Mo wà lórí ìlà, mò ń wò ó." Ó gbé ojú sókè. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi náà dúró lókèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí ni?"

Gbogbo ìbínú tí mo gbé wá láti ilé tán lára mi, ó ku ẹ̀rù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì mọ̀ pé ọmọ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ti ń yọ aṣọ ìnujú jáde, ó ń nu ọrùn.

Ààfáà gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn lè dákẹ́. "Ìbéèrè kan ló kù. Ìwọ Tíṣà yìí, nígbà tí o fi oyin sí i lẹ́nu, ǹjẹ́ o sọ ohunkóhun sí i?"

Ọ̀gá wúkọ́. Mo mọ ìtumọ̀ ikọ́ yẹn dáadáa. Mo la ẹnu láti sọ pé rárá, mo sì gbà pé rárá ni lóòótọ́. Àṣé irọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rántí. Nígbà tí ọmọ náà há oyin mọ́ ẹnu, tí mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ní kó lọ jókòó. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ. Òun nìkan ló gbọ́ ọ, ó sì dúró níwájú mi báyìí, ó ń wò mí, ó ń retí ohun tí n óò sọ. Bí mo bá ní rárá, bóyá yóò padà sílé ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tíṣà tó mọ̀ pé òpùrọ́ ni ni yóò padà sí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

"Mo sọ nǹkan," mo wí. "Mo ní, kí ayé rẹ̀ dùn."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan!" "Àdúrà ìsọmọlórúkọ kọ́ nìyẹn?" Olóbì dìde dúró. Ọ̀gá bo ojú pẹ̀lú aṣọ ìnujú rẹ̀.

"Orúkọ ta lo fi ṣe é?" Ààfáà bi mí.

"Mi ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣe é, Bàbá. Kì í ṣe ìrìbọmi, kì í sì í ṣe súnà. Ẹnu ló yá mi." Ìwà mi kò jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi. Ta ló ń fi oyin sí ọmọ lẹ́nu nílẹ̀ yìí tí kì í wúre fún un? Bí ẹ bá mọ onítọ̀hún, ẹ mú un wá kí n rí i. Mo ní kí ayé rẹ̀ dùn. Mo tún ń wí i níwájú yín báyìí. Kí ayé rẹ̀ dùn!"

Mo gbọ́ obì kan tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan sínú apẹ̀rẹ̀.

"Àmín," ìyá ọmọ náà wí.

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn láti ìgbà tó ti kí wa. Kò gbé ojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú obì. Obìnrin tó jókòó tì í ní, "Àmín o." Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ta ni yóò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ilé rẹ̀ tí yóò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀? Ààfáà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó fi nu ojú, ó ní, "Àmín, yà Rábì." Àwọn ọkùnrin náà fẹnu sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, àní títí kan ẹni tó fẹ́ lù mí ní kíláàsì. Ó wá ku Olóbì nìkan, gbogbo agboolé sì yíjú sí i.

Mo ń wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé bó bá kọ̀ ọ́, kò sí ohun tó kù tí mo lè sọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa obì. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Àmín," ló wí níkẹyìn, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó. "Tíṣà, pè é. Pe ọmọ mi lórúkọ tó ń jẹ́, kí n gbọ́."

Mo dìde. Mo pe orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, mo sì fi orúkọ tirẹ̀ gan-an tì í, bí mo ṣe máa ń pè é láràárọ̀ ní kíláàsì. Mi ò gé nǹkankan kúrò níbẹ̀, mi ò sì yí nǹkankan padà. Ọmọ náà na ọwọ́ sókè tàntàn, ó fi gbogbo ẹnu dáhùn bí ẹni pé abẹ́ àtíbàbà wa ló wà.

"Pirẹ́sẹ́ǹtì, Mísì!"

"Kí ló wí yẹn?" bàbá rẹ̀ bi mí.

"Ó ní òun wà níbẹ̀ ni, Bàbá."

Olóbì wo ọmọ náà tó ṣì na ọwọ́ sókè, tí kò mọ̀ pé ó ti lè sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kó wà níbẹ̀ lọ́la," ó wí.

Mo tún kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ẹkún ni mo bú sí.